Ọjọ́ Tí Rosamel Fi Bébà Mi Dáná

Ní Chiloé, òjò kì í wá kí ni, ilé ló ń bá ni gbé.
Ó ti wà lórí òrùlé kí n tó jí,
ó ń ka páànù bí ẹni ń ka owó tí kò pé.
Omi òkun wọ abẹ́ ilé, ó jáde, ó tún wọlé,
àwa wà lókè, lórí òpó igi.

Mo ní kí wọ́n fi tábìlì sílẹ̀ fún mi di ọ̀sán.
Mo kó àwo kúrò, mo nu ìyẹ̀fun nù,
mo lé ológbò. Ó padà. Mo tún lé e.

Mo kọ́kọ́ mú bébà iléèwé Yobana ọmọ wa,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Ọ̀dà olómi kàn án lẹ́ẹ̀kan péré,
ó wú, ó hunjọ,
bí ojú ọmọ tó fẹ́ sunkún tí kò tíì rí ìdí rẹ̀.

Bébà àpò ọ̀dùnkún, mo fi ọ̀bẹ là á.
Ọ̀mùtí ni. Mo kun pupa, ó di ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ;
mo kun àwọ̀ ìyeyè, n kò rí i mọ́.
Àfi funfun tó kù nínú agolo,
èyí tí Rosamel fi kun fèrèsé lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú,
ló dúró lórí rẹ̀ gbọingbọin.
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: *àpò pẹ̀lú fèrèsé, ó dáa.*

Ọ̀kan dúdú. Mo rà á ní Castro nítorí pé ó dúdú.
N kò tíì mọ ohun tó wà fún.

Ṣùgbọ́n èyí tí Hortelinda, àbúrò mi, fi ránṣẹ́ láti Punta Arenas,
mẹ́ta péré, ó nípọn, ó le bí ahọ́n ológbò,
owó ọ̀kan tó igi ìdáná ọjọ́ mẹ́ta.
Ó kọ lẹ́tà mọ́ ọn: *Ya ilé náà fún mi.
Àwọ̀ rẹ̀ ti ń sá lọ lójú mi.*
Mo tọ́jú ọ̀kan sórí àga,
mo ń wá àwọ̀ tó yẹ ẹ́.

Mo po búlúù mọ́ àwọ̀ ewé, mo fi eérú díẹ̀ sí i,
ojú mọ́kàndínlógún, kékeré kékeré, lẹ́yìn káàdì kàlẹ́ńdà.
Gbogbo wọn jọ ilé ẹlòmíràn.
Mo bá jáde lọ wo ògiri lójúkojú,
pákó tí bàbá wa tò bí ìpẹ́ ẹja.
Òjò wọ̀ mí lọ́rùn. Mo dúró pẹ́.

Ìgbà tí mo wọlé, Rosamel ti ibi iṣẹ́ ẹja dé,
ó kúnlẹ̀ níwájú ààrò irin, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.
"Eduvina, irú bébà wo lèyí?
Ìṣáná mẹ́ta ni mo ti bà jẹ́ sí i, kò fẹ́ gbaná."

Mo ké. Ológbò sá wọ abẹ́ àga.
Mo fa ìdajì tó kù yọ, mo fi ọwọ́ pa iná etí rẹ̀.
"Òwú ni," mo wí. "Òwú tí wọ́n lù di bébà."
"Ṣé kí n bọ aṣọ mi kún un?" ó ní.
N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo rí etí tó jó:
dúdú, lẹ́yìn náà rúsúrúsú,
lẹ́yìn náà àwọ̀ èéfín tí kò ní orúkọ.
Ògiri wa nìyí, lápá ibi tí ọ̀dà ti ṣí lọ
tí igi nìkan kù.
Hortelinda kò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti lọ.

Mo fi omi àti eérú fa òpó mẹ́fà sísàlẹ̀,
n kò fọwọ́ kan etí náà rárá.
Rosamel dúró lẹ́yìn mi, ara rẹ̀ ń ro tó, tó, sílẹ̀.
"Fèrèsé ńkọ́?"
Ó fi ṣíbí ṣí agolo funfun fún mi.

Òtútù mú wa. Mo na bébà iléèwé sí i,
ìyẹn gbaná wàràwàrà.
Dúdú ṣì wà lórí tábìlì.
Ológbò ti sùn lé e.